Kí Ìbọn Ìléwọ́ Tuntun Tó Mọ́ Yín Lọ́wọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ọmọ Ogun

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ kọ́púrù nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun wá bá mi nílé ní Òjòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, kò sì tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òfìfo ṣàpèjúwe fún mi. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú bí ẹni tó di ìbọn mú, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ń rọ́ sílẹ̀, ó tún ń rọ́ sílẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ wò ó, bàbá, ìbọn tí wọ́n fi ń kọ́ wa báyìí kò ní sẹ́fítì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò mi kò gbà pé kò ní in.” Sẹ́fítì ni ìdènà kékeré tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣèèṣì dún.

Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ ìbọn, nínú yàrá tí wọ́n ń kó wọn pamọ́ sí àti ní pápá tí a ti ń yìn wọ́n, mi ò sì tíì gbọ́ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà kó ṣe kedere tó báyẹn. Ẹni tó ń gba ìbọn ìléwọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ rọrùn láti kọ́, nítorí pé ẹ̀rù ṣì ń bà á, kò sì ní àṣà kankan tó máa ń fà á sẹ́yìn. Ẹni tó ti lo irú kan fún ọdún mẹ́wàá ló ṣòro, nítorí pé orí rẹ̀ á ti mọ ti tuntun láàárín ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ á ṣì máa ṣe ti àtijọ́, pàápàá lọ́jọ́ tí àyà bá ń já tàbí tí oorun bá ń kun ojú. Ọwọ́ yẹn ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìbọn gígùn ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun, ní bárékè Odogbo níbí ní Ìbàdàn àti ní bárékè Letmauck ní Mọ́kọ́lá. Ìbọn ìléwọ́ jẹ́ ti àwọn ọ̀gá, ti àwọn ọlọ́pàá ológun, ti àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀gá, àti ti àwọn tó ń jókòó nínú ọkọ̀ ogun níbi tí ìbọn gígùn kò ti ní àyè láti yí. Nítorí pé ó kéré, àwọn kan máa ń fojú kékeré wò ó, bẹ́ẹ̀ sì ni kíkéré rẹ̀ gan-an ló mú kó léwu: ìbọn gígùn kì í ṣàdédé kọ ẹnu sí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ṣùgbọ́n ti ìléwọ́ kò nílò ju kí ọrùn ọwọ́ yí díẹ̀ lọ. Ohun tí mo kọ síbí kò rọ́pò olùkọ́ yín àti ìwé tó bá ìbọn náà wá. Bí ọ̀rọ̀ mi àti tiwọn bá yàtọ̀ síra, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ohun tó yí padà àti ohun tí kò yí padà

Ìbọn tí ọ̀pọ̀ àgbà ọmọ ogun fi kọ́ṣẹ́ ni Browning Hi-Power, tí ilé iṣẹ́ FN ní Bẹ́ljíọ̀mù gbé jáde ní 1935. DICON, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ti ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, tó wà ní Kàdúná, ṣe ìbọn kan tí wọ́n pè ní NP-1, ara Browning yìí sì ni wọ́n wò ṣe é. Ọta 13 ló ń wọ mágásíìnì Browning, ìyẹn àpótí kékeré tó ń kó ọta sínú èèkù. Irin ni ara rẹ̀, òòlù rẹ̀, irin tó máa ń gbá kí ọta lè dún, wà níta lẹ́yìn níbi tí ojú ti lè rí i, ó sì ní sẹ́fítì kékeré kan lápá òsì tí àtàǹpàkò máa ń tì sísàlẹ̀ kí ìbọn tó lè dún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò ó títí di 2013 tí wọ́n yan Glock 17 láti rọ́pò rẹ̀. Kánádà, tó ti ń lò ó láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, tún pẹ́ jù wọ́n lọ kó tó fi í sílẹ̀. Amẹ́ríkà gba ọ̀nà tirẹ̀: wọ́n kúrò lórí M1911 bọ́ sórí Beretta tí wọ́n sọ ní M9 ní 1985, nígbà tó sì di 2017, wọ́n yan M17 ti SIG Sauer.

Ẹ kíyè sí i pé láàárín Browning, Beretta, Glock àti M17, ọta kò yí padà. Ọta mílímítà 9 kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ. Nítorí náà, kò sí ìdí láti máa bẹ̀rù pé ti tuntun kò ní lágbára tó. Ohun tó yí padà wà láàárín ọta àti ọwọ́ yín, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Glock kò ní òòlù níta, ìyẹn ni pé ẹ kò lè fi ojú wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ mọ̀ bóyá ó ti wà ní sẹpẹ́. Ike líle ni èèkù rẹ̀, ó sì fúyẹ́: láìsí ọta nínú, kò ju bíi gíráàmù 630 lọ, nígbà tí Browning sún mọ́ kílò kan. Ọta 17 ló ń wọ mágásíìnì rẹ̀. Kò ní sẹ́fítì tí àtàǹpàkò ń tì. Ahọ́n kékeré kan wà láàárín tírígà fúnra rẹ̀, àfi bí ìka bá tẹ ahọ́n náà ni tírígà tó lè rìn sẹ́yìn, àwọn ìdènà mìíràn sì wà nínú tí ìfà kan náà ń ṣí. M17 jọ Glock ní ti pé ike ni èèkù rẹ̀, òòlù kò sì sí níta, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi sẹ́fítì àtàǹpàkò sí tiwọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé “gbogbo ìbọn tuntun ò ní sẹ́fítì,” ẹ kọ́kọ́ bi í pé èwo nínú wọn.

Ẹni tó bá ń ti orí Beretta bọ́ sórí M17 ní wàhálà tirẹ̀, mo sì rò pé tirẹ̀ le ju ti gbogbo ẹni yòókù lọ. Sẹ́fítì Beretta wà lára sláìdì, ìyẹn irin òkè tó máa ń fò sẹ́yìn nígbà tí ìbọn bá dún, òkè ni wọ́n sì ń tì í sí kí ìbọn tó lè ṣiṣẹ́. Ti M17 wà nísàlẹ̀ sláìdì náà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì ń tì í sí. Iṣẹ́ kan náà, àtàǹpàkò kan náà, ọ̀nà méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ó sàn kí nǹkan má sí níbi tí ọwọ́ ń wá a ju kó wà níbẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ sódì lọ.

Ìlú Ìbàdàn kò ṣàjèjì sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn Èkìtì Parapọ̀ rí ìbọn tuntun gbà láti ọwọ́ àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó, irú èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ṣì ń ki ẹ̀tù láti ẹnu ṣakabùlà. Ìbàdàn náà wá tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìtàn sọ bí wọ́n ṣe ra ìbọn, ṣùgbọ́n èmi tí mo ti kọ́ni ní ìbọn, ohun tí mo máa ń rò ni ti ọkùnrin ogójì ọdún kan tó ti fi ogún ọdún ki ẹ̀tù láti ẹnu ìbọn, tí wọ́n wá gbé èyí tó ń ṣí láti ẹ̀yìn lé lọ́wọ́ nígbà tí ogun ti gbóná. Ó dájú pé ọwọ́ rẹ̀ wá ẹnu ìbọn lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Mágásíìnì ni àkọ́kọ́

Kí ẹ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ́ ọ títí yóò fi sú yín. Ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ibi tí ọta kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n rọ iyanrìn kún ló yẹ kó wà fún ìyẹn lẹ́nu yàrá ìbọn. Kí ìka tó máa ń fa tírígà nà gbọọrọ lára ìbọn, lókè tírígà, kó má sún mọ́ ọn. Ẹ yọ mágásíìnì kúrò, kí ẹ sì fi í sí àpò tàbí sórí tábìlì, kí ó kúrò lọ́wọ́ yín pátápátá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fa sláìdì sẹ́yìn dé òpin, kí ẹ sì há a dúró síbẹ̀. Ẹ wo inú ilé ọta, ihò tí ọta máa ń jókòó sí kí ó tó jáde. Ẹ fi ọmọ-ńdinrín kàn án pẹ̀lú, nítorí pé ojú tó ti rẹ̀ máa ń rí ohun tó fẹ́ rí, pàápàá lóru tí iná bá ti lọ.

Mo tẹnu mọ́ ètò yìí nítorí pé ẹni tó bá yí i po ti di ìbọn tó ní ọta mú láì mọ̀. Bí ẹ bá fa sláìdì kí ẹ tó yọ mágásíìnì, ọta tó wà nínú ilé rẹ̀ á fò jáde lóòótọ́, ẹ óò rí i bó ṣe ń yí gbirigbiri nílẹ̀, ọkàn yín á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí sláìdì bá ṣe ń padà síwájú, ó ti gbé òmíràn láti orí mágásíìnì wọ inú ilé ọta. Ẹ óò wá yọ mágásíìnì, ẹ óò wo ọta tó wà nílẹ̀, ẹ óò sì gbà pé ó ti parí, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ti jókòó síbẹ̀ tó ń dúró de ìka yín.

Browning máa ń bo àṣìṣe kan mọ́lẹ̀ níbí. Ó ní irin kékeré kan nínú tí kì í jẹ́ kí tírígà ṣiṣẹ́ bí mágásíìnì kò bá sí nínú èèkù. Ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ lò ó á ti gbà nínú ara rẹ̀ pé ìbọn tí a ti yọ mágásíìnì rẹ̀ ti kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ẹnu sọ ọ́ rí. Glock kò ní irú irin yẹn. Bí ọta bá wà nínú ilé rẹ̀, á dún, mágásíìnì ì báà wà ní ilẹ̀ kejì.

Ojú mi ni ọ̀kan ṣe. Sájẹ́ǹtì kan, ẹni tó mọṣẹ́ tí kì í sì í mu ọtí, ń dá ìbọn padà lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Irú tuntun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó kọ ẹnu rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, ó yọ mágásíìnì, ó ń bá ẹni tó wà nínú yàrá ìbọn ṣàwàdà nípa owó oṣù, ó sì fa tírígà bó ṣe máa ń ṣe fún ọdún mẹ́jọ. Ìbọn náà dún. Iyanrìn bo gbogbo ojú àti irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ bí ère, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, mágásíìnì ṣì wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Kò sí ẹni tó fara pa, nítorí pé iyanrìn wà, ó sì fi ẹnu ìbọn sí ibi tó yẹ. Nígbà tí mo bi í léèrè lẹ́yìn náà pé ṣé ó mọ̀ pé irú ìbọn yìí lè dún láìsí mágásíìnì, ó ní òun mọ̀. Mo gbà á gbọ́. Ó gba máàkì tó dára nínú ìdánwò ìwé wọn.

Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ síta bí ẹ bá ṣe ń ṣe é, fún oṣù àkọ́kọ́ ó kéré tán: “Mágásíìnì ti jáde. Sláìdì ti lọ sẹ́yìn. Mo ti wò ó. Mo ti fi ìka kàn án.” Àwọn ẹgbẹ́ yín lè máa fi yín ṣẹ̀sín pé ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ sórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ kì í jẹ́ kí ọwọ́ sáré gba ọ̀nà àtijọ́, kò sì ní jẹ́ kí ẹ lè máa ṣàwàdà owó oṣù lákòókò kan náà.

Ìka, tírígà àti sẹ́fítì

Sẹ́fítì àtàǹpàkò ti ba ìka ọ̀pọ̀ wa jẹ́. Nítorí pé a mọ̀ pé ó wà lókè, àwọn kan á gbé ìka lé tírígà bí wọ́n bá ṣe ń fa ìbọn yọ nínú àpò, tí ọ̀gá bá sì bá wọn wí, wọ́n á ní, “Ọ̀gá, sẹ́fítì ṣì wà lókè.” Lórí ìbọn tí kò ní in, ìka yín gan-an ni sẹ́fítì. Bí ẹ kò bá tíì pinnu láti yìn, tí àmì ìbọn kò sì tíì wà lára ohun tí ẹ fẹ́ yìn, ìka kò ní iṣẹ́ kankan nínú òrùka tírígà.

Ìwúwo ìfà náà yàtọ̀. Lórí Beretta, ìfà àkọ́kọ́ gùn, ó sì wúwo, nítorí pé ìka kan náà ló ń gbé òòlù dìde. Láti ọta kejì lọ, á wá kúrú, á sì fúyẹ́. Ti Glock jẹ́ ọ̀kan náà láti ọta àkọ́kọ́ dé ìkẹtàdínlógún, nǹkan bíi kílò méjì àbọ̀. Ẹni tó ń ti orí Beretta bọ̀ á fa ti àkọ́kọ́ tagbáratagbára bó ṣe máa ń ṣe, ìbọn á sì dún kó tó rò pé ó yẹ kó dún. Ẹni tó ń ti orí Browning bọ̀ ní ìṣòro mìíràn: tírígà Browning kì í rìn jìnnà kó tó já, ti Glock á rìn díẹ̀, á kan nǹkan, á dúró, kó tó wá já. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó ti ń dúró yẹn á já a gbà lójijì, ọta rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀.

Ìbọn tó ṣófo ni wọ́n fi ń wo èyí sàn, kì í ṣe ọta púpọ̀. Pẹ̀lú àṣẹ àti lójú olùkọ́, nínú yàrá tí ọta kan ṣoṣo kò sí, ẹ ṣí ìbọn wò bí mo ti sọ, ẹ kọjú sí ògiri tó nípọn, kí ẹ sì ní kí ẹnì kejì gbé òfìfo ọta kan dúró lórí sláìdì nítòsí àmì iwájú. Ẹ fa tírígà títí yóò fi já láìjẹ́ pé òfìfo náà ṣubú. Lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ fa sláìdì díẹ̀ kí Glock tó lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ogún ìfà tí ẹ fara balẹ̀ ṣe lójúmọ́ dára ju igba tí ẹ ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo lóṣù. Nígbà tí òfìfo náà kò bá ṣubú mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú àpò: ẹ fà á yọ, ẹ nà án síwájú, ẹ wá àmì, ẹ fà. Ẹ jẹ́ kó falẹ̀ débi tí ẹni tó ń wò yín á fi máa yán. Ọwọ́ tó bá kọ́ ọ ní pẹ̀lẹ́ ni yóò rí i ṣe kíákíá lọ́jọ́ tí kò sí àyè láti ronú.

Ẹ̀yin tí ìbọn tuntun yín bá ní sẹ́fítì, ẹ máa tì í sí ibi tó yẹ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá nà án síwájú, kódà bí ó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bóyá kí ọta wà nínú ilé rẹ̀ tàbí kó má sí nígbà tí ẹ bá gbé e kọ́ra, àwọn ọ̀gá yín ni yóò sọ ìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ń dá pinnu.

Títú u

Mo fẹ́ kí ẹ ka ìpínrọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Browning, Beretta àti M17, kò sí èyí tó béèrè pé kí ẹ fa tírígà kí ẹ tó lè tú sláìdì kúrò lórí wọn. Glock béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ nu ún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa tírígà rẹ̀, nílé, lórí ibùsùn, níbi tí iyanrìn kò sí, ọ̀pọ̀ ìbọn ló sì ti ṣèèṣì dún báyìí lọ́wọ́ ẹni tó gbà pé òun ti ṣí i wò. Ẹ má tú Glock láé láì jẹ́ pé ẹ ti ṣí i wò nísinsìnyí, kì í ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín, bí fóònù bá dún, bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ tún un ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ọta má sì sí lórí tábìlì tí ẹ ti ń nu ìbọn.

Dídì í mú, àti ìgbà tó bá há

Àpá kan wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka mi tí kò ní parẹ́ mọ́. Òòlù ìbọn àtijọ́ ló máa ń já ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sanra jẹ níbẹ̀ nígbà tí sláìdì bá fò sẹ́yìn, nítorí náà ni púpọ̀ nínú wa ṣe kọ́ láti di èèkù mú nísàlẹ̀ díẹ̀. Ìbọn tí òòlù rẹ̀ kò sí níta kò ní irú eyín bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ sókè dé ibi tí èèkù ti pin, nítorí pé ẹni tó bá dì í mú nísàlẹ̀ kò ní lè kápá fífò rẹ̀. Ẹ mú ọrùn ọwọ́ le pẹ̀lú: ìbọn tó fúyẹ́ máa ń lo ọwọ́ yín bí ògiri tí sláìdì ń tì, bí ògiri náà bá rọ̀, òfìfo ọta á há sẹ́nu ọ̀nà. Èèkù Glock tún dagun ju ti Browning lọ, nítorí náà, ẹnu rẹ̀ á máa wo òkè fún ẹni tó bá nà án bó ṣe máa ń na ti àtijọ́. Ẹ di ojú, ẹ nà án sí ògiri, ẹ la ojú, kí ẹ sì wo ibi tí àmì wà. Nígbà tí ẹ bá ti ṣe èyí fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọrùn ọwọ́ á ti mọ̀ ọ́n.

Àtàǹpàkò tí kò ríṣẹ́ ṣe mọ́ tún máa ń wá ibòmíràn jókòó sí. Ó sábà máa ń lọ sinmi lórí irin pẹlẹbẹ tó máa ń há sláìdì dúró nígbà tí ọta bá tán. Bí ó bá tẹ irin yẹn mọ́lẹ̀, sláìdì kò ní dúró sẹ́yìn, ẹ óò sì máa fa tírígà lórí ìbọn tó ti ṣófo. Mo ti rí àwọn tó gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ bá alátùn-únṣe, tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Kò sí ohun tó ṣe é.

Bí ẹ bá fa tírígà tí ìbọn kò dún, ẹ gbá ìdí mágásíìnì sókè gidigidi, ẹ fa sláìdì tán kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ tún wo ohun tó wà níwájú yín. Ti pápá ìkọ́ni yàtọ̀: níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn wà síwájú kí ẹ sì dúró díẹ̀ ná bí olùkọ́ bá ṣe sọ, nítorí pé ọta mìíràn máa ń pẹ́ kó tó dún. Àwọn tó ti lo Beretta mọ̀ pé bí ẹ bá tún tírígà fà, òòlù á tún lu ọta kan náà. Glock àti M17 kì í ṣe bẹ́ẹ̀; tírígà tó ti já kò ní ṣe nǹkan kan mọ́ àfi tí sláìdì bá kọ́kọ́ rìn. Olùkọ́ lè ki ọta àdàmọ̀dì kan mọ́ àwọn gidi láì sọ fún yín ibi tó wà. Ẹni tó bá ń dààmú láti fa tírígà lẹ́ẹ̀mejì á hàn lójú ẹsẹ̀.

Àpò ìbọn, òjò àti ọyẹ́

Àpò ìbọn àtijọ́ kò bá ti tuntun mu, bó tilẹ̀ dà bíi pé ó wọ̀ ọ́. Àpò tó bo gbogbo òrùka tírígà, tó sì le débi tí kò ní ká lulẹ̀ nígbà tí ìbọn bá jáde, ni kí ẹ gbà. Dídá a padà sínú àpò ni ìgbà tó léwu jù fún ìbọn tí kò ní sẹ́fítì, nítorí pé tírígà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìka àti okùn. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, tí òjò Ìbàdàn kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó dé, okùn aṣọ òjò tàbí ìṣẹ́po rẹ̀ lè kó sínú òrùka náà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ gbé aṣọ kúrò lọ́nà, ẹ bojú wo ẹnu àpò náà, ẹ fi ìbọn wọlé ní pẹ̀lẹ́. Bí nǹkan bá há a, ẹ má tì í. Ẹ fà á yọ kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ rí nítorí pé ó yára dá ìbọn padà sínú àpò.

Ní ti ọ̀rá, ẹ̀kán díẹ̀ tó. Ẹni tó ń fi ọ̀rá rin ìbọn bí ẹni ń din dùǹdú ló ń kó eruku ọyẹ́ jọ sínú rẹ̀. Òógùn ara ni kí ẹ máa nù kúrò lójoojúmọ́, nítorí pé irin òkè lè dípẹtà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ike ni èèkù.

Nígbà tí méjèèjì bá ṣì wà pọ̀

Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń pààrọ̀ gbogbo ìbọn rẹ̀ lóòjọ́. Fún oṣù díẹ̀, bóyá ọdún, ti àtijọ́ àti ti tuntun á jọ wà nínú yàrá kan, èmi tí mo ti jókòó sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ sì mọ̀ pé àkókò yẹn gan-an ni àṣìṣe máa ń pọ̀. Mágásíìnì méjèèjì jọra lókùnkùn, ọta kan náà ló wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ti ọ̀kan kò ní wọ inú ìbọn èkejì. Ẹ kó wọn sí selifu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹni tó ń gba ìbọn ki mágásíìnì òfìfo rẹ̀ bọ inú rẹ̀, kó sì yọ ọ́, kó tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó ń fún un ní ìbọn gbọ́dọ̀ dárúkọ irú ìbọn náà sókè, kí ẹni tó ń gbà á sì tún un sọ.

Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí ti tuntun má tún gba ti àtijọ́ mọ́. Bí iṣẹ́ bá sì sọ ọ́ di dandan, kí olùkọ́ fún un ní ìdajì wákàtí pẹ̀lú ìbọn òfìfo kó tó gbé e jáde, nítorí pé àtàǹpàkò tó ti gbàgbé sẹ́fítì léwu fún ẹni tó ni ín lójú ìjà, bí ìka tó gbẹ́kẹ̀ lé sẹ́fítì ṣe léwu fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní bárékè.

Kọ́púrù náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbé ìbọn onírọ́bà kan tí a fi ń kọ́ni lé e lọ́wọ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ní kó fà á yọ nígbà mẹ́wàá. Ní mẹ́jọ àkọ́kọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìyàwó mi wá pè wá láti inú ilé pé àmàlà ti délẹ̀, ó yíjú, ó fa ìkẹsàn-án yọ, àtàǹpàkò náà sì rọ́ sílẹ̀. Ó wò mí, mo wò ó. Mo ní kí ìyàwó mi da nǹkan bo àmàlà náà, a sì bẹ̀rẹ̀ láti oókan.